Kóòtù Funfun Tí Ìyá Wa Là sí Méjì

Bí mo bá ń rántí ilé wa ní Kétu, ohùn máṣíìnì ìyá mi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Mi ò tíì rí ojú ẹnikẹ́ni nínú ìrántí náà, mi ò tíì gbóòórùn igi ìdáná, ohùn yẹn á ti dé: kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ, bí ìgbà tí adìẹ bá ń fẹsẹ̀ tú pàǹtí. Máṣíìnì àfọwọ́yí ni, dúdú, òdòdó aláwọ̀ wúrà tí wọ́n yà sí i lára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán, orí àpótí kan lábẹ́ igi máńgòrò ló sì máa ń wà láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yí. Bí aṣọ bá fẹ́lẹ́, ohùn rẹ̀ á máa sáré. Bí aṣọ bá nípọn, á máa kérora bí arúgbó tó ń gun òkè. Kí èmi àti Kẹ́hìndé tó wọ ẹnu ọ̀nà la ti máa ń mọ ohun tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. "Aṣọ òtútù ni," ni Kẹ́hìndé á wí. "Irọ́ ni, ṣòkòtò ni," ni èmi á wí. Òun ló sábà máa ń jàre, torí òun ló ń bá Màmá yí ọwọ́ máṣíìnì bí a bá ti ilé-ìwé dé. Iṣẹ́ tèmi ni títú. Màá jókòó sórí ẹní pẹ̀lú abẹ tí Bàbá ti fi fá irùngbọ̀n títí tí kò fi mú tó fún irùngbọ̀n mọ́, màá máa tú ojú rírán aṣọ òyìnbó, màá fa òwú rẹ̀ yọ gbọọrọ, màá sì wé e mọ́ ṣùkù àgbàdo kí Màmá lè tún un lò, nítorí òwú tuntun ṣòro láti rí láyé ìgbà náà. Ṣùkù olówùú pupa, ṣùkù olówùú dúdú, ṣùkù olówùú aláwọ̀ eérú, gbogbo wọn kún inú igbá kan tí adìẹ kò gbọdọ̀ sún mọ́.

Aṣọ àlòkù ni Màmá ń sọ di tuntun, èyí tí àwa ọmọ ilé-ìwé ń pè ní fíríìpù. Kútọnù ló ti ń wá nínú ìdì ńlá, àwọn oníṣòwò Àjàṣẹ́ á kó o dé ọjà Kétu, wọ́n á tú u dà sórí tapólì, gbogbo àdúgbò á sì máa rùn káńfọ̀. Lórí rédíò, àwọn kámáráàdì, ìyẹn àwọn tó ń ṣèjọba ìyípadà nígbà náà, kò yéé sọ fún wa pé kí a kẹ̀yìn sí gbogbo ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn amúnisìn wá. Àwa náà ń gbọ́, a sì ń pàtẹ́wọ́, àmọ́ ṣòkòtò tí mẹ́tìrì wa, ìyẹn olùkọ́ wa, ń wọ̀ wá kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ náà, orí tapólì yẹn ló ti rà á. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta. Àwọn ẹlòmíì máa ń tú ìdì náà títí wọ́n á fi rí aṣọ tó bá wọn mu gẹ́lẹ́. Ìyá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó tóbi jù ló ń wá, aṣọ ẹni tó sanra kọjá ààlà, torí aṣọ ọmọ méjì gbọ́dọ̀ jáde lára rẹ̀. Bó bá rí ṣòkòtò tí ìdílé kan lè wọnú rẹ̀, ojú rẹ̀ á tàn. Nílé wa, a gbà pé òyìnbó kan ṣoṣo ló ni gbogbo aṣọ wọ̀nyẹn, ọkùnrin kan tó jókòó sétí òkun lọ́hùn-ún tó ń jẹun láìsinmi. Bàbá Oníkùn la sọ ọ́. Bí Màmá bá tẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ sórí ẹní, Bàbá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko ọ̀nà Okpomẹ̀ta dé á dúró tì í, á sì mi orí. "Ìyá Ìbejì, máa bá mi gbàdúrà fún ọ̀rẹ́ wa yìí o. Lọ́jọ́ tí òyìnbó yìí bá rù, a gbé."

Ìbejì ni èmi àti Kẹ́hìndé, èmi ọkùnrin, òun obìnrin. Èmi Táyé ni mo kọ́kọ́ jáde, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ wá ní ilẹ̀ wa mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán mi ṣáájú pé kí n lọ tọ́ ayé wò. Kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Bí mo bá kọ̀ láti bá a gbálẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ: "Ta ló rán ẹ wá?" Aṣọ tí ọ̀kan nínú wa bá wọ̀, òun náà ni èkejì gbọ́dọ̀ wọ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń ṣọ́ òfin yìí. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ dojú kọ igi máńgòrò, ibẹ̀ ló ti ń wo gbogbo ohun tí àlùmọ́gàjí Màmá bá ń gé. Kì í pariwo. Á kàn wí pé, "Ìyàwó mi, ti ẹnì kejì ńkọ́?" ọwọ́ Màmá á sì dúró. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge lójú rẹ̀ rárá. Lọ́dún tó ṣáájú ìgbà tí mò ń sọ yìí, ibà dá Kẹ́hìndé dùbúlẹ̀ títí tí àwọn àgbà fi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ilé, Ìyá Àgbà sì gbà pé ìbejì tó bá rí i pé wọ́n ṣe dáadáa sí èkejì ju òun lọ lè bínú padà síbi tó ti wá. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi nílò Bàbá Oníkùn. Nínú ìdì àlòkù, ẹ ò lè rí aṣọ méjì tó jọra láéláé. Ẹ ní láti rí ọ̀kan tó tóbi tó láti di méjì.

Ilé-ìwé ló kọ́ mi ní nǹkan mìíràn. Níbẹ̀, kakí ni gbogbo wa ń wọ̀, ọmọ oníṣòwò, ọmọ àgbẹ̀, ọmọ ọlọ́pàá, kakí kan náà. Gbogbo ilé-ìwé dà bí ìbejì, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ya ojú sí èmi àti Kẹ́hìndé mọ́. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín bí mo ti ń rò ó báyìí: ibi tí gbogbo ènìyàn ti jọra ni mo ti kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń rí láti jẹ́ ẹnì kan. Ó dùn mọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ohun kan tí yóò jẹ́ tèmi nìkan, tí kò ní ẹnì kejì nínú yàrá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún ìwé parí, mẹ́tìrì sọ pé délégè kan ń bọ̀ láti wo ilé-ìwé wa, olórí láti ọ̀dọ̀ ìjọba, àti pé èmi àti Kẹ́hìndé ni yóò kí i pẹ̀lú orin níwájú gbogbo òbí. Ó ní kí a má wọ kakí, kí a wọ aṣọ tó dáa, kí àlejò lè rí i pé inú àwọn ọmọ Kétu ń dùn. Màmá gbọ́, ó sì wo inú igbá òwú rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó kó àwa méjèèjì lẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Rafíù, obìnrin Àjàṣẹ́ kan tó ń ta àlòkù, tí ìborùn rẹ̀ kì í kúrò lórí, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi, tí òun náà sì ti gbọ́ ìtàn Bàbá Oníkùn lẹ́nu Màmá.

"Ìyá Ìbejì! Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti bá yín fi ìyàwó Bàbá Oníkùn pamọ́ síbí."

Ó fa aṣọ obìnrin kan yọ lábẹ́ àpótí rẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó gùn, ó sì fẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń ta sójú fèrèsé.

"Àgọ́ nìyí àbí aṣọ?" ni Màmá wí, ojú rẹ̀ sì ti ń tàn.

"Ẹ wọnú ẹ̀ kí ẹ wò ó. Ẹ lè gbàlejò níbẹ̀."

Bí wọ́n ti ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni mo rí kóòtù náà. Ó wà ní etí tapólì, lábẹ́ àwọn ìbọ̀sẹ̀, kóòtù ọmọdé, funfun báláú, pẹ̀lú bọ́tìnì tó ń dán bíi wúrà. Mo gbé e wọ̀. Apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ mi, kò kọjá, kò kù. Ẹ ní láti mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì wọ aṣọ kan tí wọn kò gé, tí wọn kò dín, tí wọn kò yí padà. Ó dà bí ẹni pé Bàbá Oníkùn ní ọmọ kan tó tó mi gẹ́lẹ́, tí ọmọ náà sì ní kí wọ́n kí mi.

"Kí lèyí?" ni Màmá wí.

"Ènì ni," ni Ìyá Rafíù dá a lóhùn. "Ó ti ń bá mi rìn kiri ọjà, ó ti sú mi. Ta ló máa ra funfun ní Kétu, lórí ilẹ̀ pupa yìí, níbi tí a ti ń ṣọ́ omi bí ẹni ń ṣọ́ epo? Ẹ gbé e lọ jàre."

"Ìkan ṣoṣo ni."

"Ìkan náà ni mo rí. Ṣé ẹ rò pé àwọn òyìnbó ń bí ìbejì bíi tiyín ni?"

Màmá wò mí nínú kóòtù náà fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ohun tó rí lójú mi lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kó dá a padà. Lójú ọ̀nà, Kẹ́hìndé gbé aṣọ aláwọ̀ ewé náà lé èjìká, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé ló wá sọ pé, "Ó yẹ ẹ́," ó sì sáré wọlé ṣáájú mi.

Bàbá ló kọ́kọ́ rí mi. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹrí ba. "Kámáráàdì délégè, ẹ kú àbọ̀ o! Ṣé ẹ máa jẹ àkàsà, àbí búrẹ́dì nìkan lẹ̀ ń jẹ?" Mo ń rìn yípo àgbàlá, mo na àyà síwájú, àwọn adìẹ ń yà fún mi. Ìyá Àgbà dúró kí ẹ̀rín náà tán. "Ìyàwó mi," ó ní, "ti ẹnì kejì ńkọ́?"

"Aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn á tó Kẹ́hìndé, Ìyá. Màá rán an kó dáa ju kóòtù lọ."

"Mi ò béèrè èyí tó dáa jù. Mo ní, ti ẹnì kejì ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́, Ìyá Àgbà," ni Kẹ́hìndé wí. "Èmi ṣáà ni ẹ̀gbọ́n."

Ó sọ ọ́ dáadáa, kò sunkún. Àmọ́ nírọ̀lẹ́, nígbà tí a jókòó ti àkàsà àti ẹ̀wà, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lójú kan nínú àwo. Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó fi ẹ̀yìn ìka kan ọrùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó gbóná. Kò gbóná. Síbẹ̀ mo rí i pé Màmá ń wo ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ níbi tó wà lára ọrùn ọmọ náà, oúnjẹ tirẹ̀ náà sì dúró. Èmi jẹ tèmi tán. Ọmọdé tó ní kóòtù funfun kì í ṣàìjẹun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé wa dákẹ́. Ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá, a kò gbọ́ kẹrẹ-kẹrẹ lábẹ́ igi máńgòrò. Màmá á tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sílẹ̀, á gbé kóòtù lé e lórí, á wò ó, á tún kó o padà. Ó lọ sí Kpankú lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti wá aṣọ funfun, ó padà lọ́wọ́ òfo. Mo ti ń rò pé mo ti borí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pè mí. "Táyé, mú abẹ rẹ wá." Mo mú un lọ, mo rò pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Kóòtù náà ló gbé lé mi lọ́wọ́. "Tú ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀."

"Màmá, kóòtù mi ni."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹlòmíì tú u."

Mo jókòó sórí ẹní, ojú mi kún, mi ò rí òwú. Kẹ́hìndé wá jókòó sí iwájú mi, ó di kọ́là kóòtù náà mú, ó fà á le kí ojú rírán rẹ̀ lè là fún mi. "Rọra o," ó ní, "òwú ni kí o gé, má gé aṣọ."

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní títú ni?"

"Ta ló rán ẹ wá?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi láàárín ẹkún, imú mi sì dà sórí aṣọ funfun náà. Òun ni abàwọ́n àkọ́kọ́ tó ní ní Kétu. Mo tú u. Òwú rẹ̀ gùn, ó dán, mo wé e mọ́ ṣùkù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí kóòtù náà là, ó di apá ọ̀tún àti apá òsì, Màmá sì wá fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ hàn wá: ìlàjì funfun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó fi aṣọ aláwọ̀ ewé ṣe ìlàjì tó kù. Èmi máa ní funfun lápá ọ̀tún, Kẹ́hìndé lápá òsì. "Bí ẹ bá dúró tira yín," ó ní, "kóòtù á pé." Lójú ẹsẹ̀ ni mo rí i pé apá ọ̀tún ló ni gbogbo bọ́tìnì wúrà, ihò bọ́tìnì nìkan ló wà lára ti Kẹ́hìndé. Inú mi fẹ́ tún dùn. Ìyá Àgbà ti rí i ṣáájú mi. "Wúrà lára ẹnì kan, ihò lára ẹnì kejì?" Màmá rẹ́rìn-ín, ó mú àlùmọ́gàjí, ó já ìlàjì bọ́tìnì náà fún Kẹ́hìndé. Ní ìrọ̀lẹ́ náà, kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ padà sábẹ́ igi máńgòrò, Kẹ́hìndé ń yí ọwọ́ máṣíìnì, Bàbá sì ń pariwo láti ẹ̀yìn ilé pé òun ti rò pé àwọn aráalé ti kó lọ.

Nílé, a dánra wò títí tí àwọn adìẹ pàápàá fi mọ orin náà. A máa ń jáde láti ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà, èmi á ṣáájú, torí Táyé ló ń ṣáájú, a ó dúró níwájú Màmá, kóòtù á sì pé láàárín wa. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó rò ó pé ní ilé-ìwé, ọwọ́ òdìkejì ni wọ́n á ní kí a gbà wọlé, tí Kẹ́hìndé á fi bọ́ sí ọwọ́ òsì mi. Lọ́jọ́ náà, òjò ti rọ̀, ilẹ̀ pupa ń yọ̀, délégè jókòó lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, Ìyá Àgbà sì wà níwájú lórí àpótí tó ní kí wọ́n gbé tẹ̀ lé òun. Èmi ṣáájú bó ti yẹ, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé mi, a dúró, a kọjú sí àlejò. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Mo wo ara mi, mo wo Kẹ́hìndé. Aláwọ̀ ewé ló pàdé láàárín wa, funfun wà níta lọ́tùn-ún lósì, a dà bí ọmọ méjì tí télọ̀ wọn sá lọ kó tó ránṣọ tán. Ẹnì kan kígbe pé, "Ìyá Ìbejì, aṣọ tán ni?" Orin náà fò lọ lórí mi pátápátá. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí ni mo rí gbà: mo dá dúró lójú gbogbo ayé, apá kan mi sì ṣófo.

Ìgbà náà ni ìgúnpá kan bà mí nínú ìhà. Kẹ́hìndé kò wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín sí délégè. Ó fi ìgúnpá yẹn tì mí, òun sì gba ẹ̀yìn mi yọ sí ọwọ́ ọ̀tún mi, ó fi èjìká rẹ̀ kan tèmi. Funfun pàdé funfun. Láti ibi tí àwọn àlejò jókòó sí, kóòtù kan ṣoṣo ni wọ́n rí, ó ní bọ́tìnì wúrà, ó sì ní orí méjì. Àtẹ́wọ́ bú jáde ní gbogbo pápá náà. Èjìká rẹ̀ gbóná lára tèmi, orin náà sì padà wá láti ibi tó sá lọ.

Nígbà tí a kọrin tán, délégè dìde, ó fi Faransé sọ̀rọ̀ gígùn, ó ń nawọ́ sí wa. Mẹ́tìrì ń túmọ̀ rẹ̀ pé ẹ wo ohun tí ìjọba ń sọ, kò sẹ́ni tó gba gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣófo, ìyípadà ti yé ìyá tó rán aṣọ yìí ju ọ̀pọ̀ wa lọ, kí ó dìde kí a kí i. Màmá dìde, ìtìjú bò ó. Ó tẹ̀ sọ́dọ̀ Bàbá.

"Kí ló ní mo ṣe?"

"Ó ní ìwọ gan-an ni ìyípadà."

"Èmi kọ́ o. Ìyá Àgbà ni kí wọ́n lọ bi."

Ìyá Àgbà kò gbọ́ wọn. Ó ń wo ìlà tó wà láàárín èmi àti Kẹ́hìndé, ibi tí funfun ti pàdé, ó sì ń rọra mi orí bí ẹni tó ń ka nǹkan tó sì rí i pé ó pé.

Kóòtù náà kò pẹ́ kó tó pupa. Ilẹ̀ Kétu kò dá funfun sí, a sì dàgbà kọjá rẹ̀ kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀. Mo lọ kàwé ní yunifásítì ní Kútọnù, ibẹ̀ ni mo ti rán kóòtù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi aṣọ tuntun rán, tí wọ́n wọ̀n sí èmi nìkan lára. Mo wọ̀ ọ́ níwájú dígí télọ̀, ó bá mi mu gẹ́lẹ́. Télọ̀ náà bi mí pé kí ló dé tí mo ń yí ara sọ́tùn-ún, ṣé apá rẹ̀ fún mi ni? Mo ní rárá, ó dáa. Ìyá Àgbà ti lọ, Màmá àti Bàbá ti lọ, wọ́n ti gé igi máńgòrò, máṣíìnì náà wà lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé ní ìkọjá ààlà, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tó ti ń ṣòwò. Ó ní òun kò lò ó mọ́, àmọ́ òun máa ń yí ọwọ́ rẹ̀ nígbà míì kí ó má baà gbàgbé ọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì ní kí àwa ìbejì ya fọ́tò. Àgbádá aláwọ̀ eérú ni mo wọ̀, òun wọ aṣọ tó rà ní tirẹ̀, kò sí funfun kankan lára ẹnì kankan nínú wa. Ayàfọ́tò tò wá bó ti wù ú, ó gbé ẹ̀rọ sójú. "Dúró ná," ni Kẹ́hìndé wí. Mo ti mọ̀ kí ó tó dé. Ìgúnpá yẹn bà mí nínú ìhà, kò tíì rọ̀ rárá, arúgbó obìnrin náà sì gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó yọ sí ọwọ́ ọ̀tún mi, ó fi èjìká rẹ̀ ti tèmi.

"Ó tó," ó ní fún ayàfọ́tò. "Ya á báyìí."